Bíríkìlà tó rí i pé bákónì fẹ́ já, tó kó jáde láì sọ fún wa: ṣé ó jẹ̀bi?

Omo_IdiOro
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kọ́ńpáǹdì wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kẹ́ ẹ bá wa dá sí i, torí inú ti ń bí àwa tá a wà níbẹ̀ jù, a ò lè ro ó dáadáa mọ́.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan là ń gbé ní Mushin níbí. Bọ̀dá kan ń gbé yàrá òkè lápá iwájú, bíríkìlà ni, iṣẹ́ yẹn ló ti ń ṣe láti kékeré. Bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn ṣàdédé ló ní òun ń kó lọ, ó ní ìyàwó òun fẹ́ súnmọ́ ọjà. A bá a gbé ẹrù, a ṣàdúrà fún un, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bákónì iwájú já lulẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, ó já lu ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 kan tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́ kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ló kán, ọsibítù egungun ní Igbobi ló wà báyìí.

Ibi tó wá ká wa lára ni pé ìyàwó bọ̀dá yìí ló tú u sílẹ̀ lọ́jà pé ọkọ òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bákónì yẹn máa já, pé ìdí ẹ̀ gan-an làwọn ṣe kó. Ó mọ̀! Ó mọ̀ ó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Àwọn kan ní ká lọ bá a nílé tuntun tó kó lọ, àwọn kan ní kí ló kàn án níbẹ̀, ṣé òun ló nilé ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Iya_Ibeji_Surulere
Ó jẹ̀bi kẹ̀! Kí lẹ tún ń bi wá sí. Ọmọ yẹn á ti máa kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, kó kàn la ẹnu kó ní ìwọ ọmọ yìí má dúró níbí mọ́, kí ló máa ná an? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ o. Ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ò ní jẹ́ kó sùn.

Segun_Bariga
Ìyá Ìbejì ẹ fara balẹ̀ ná ẹ jọ̀ọ́. Ta ló nilé? Lánlọ́ọ̀dù. Ta ló ń gbowó ilé lọ́dọọdún? Lánlọ́ọ̀dù. Ẹ wá fi lánlọ́ọ̀dù sílẹ̀, tẹ́náǹtì tó sá fún ẹ̀mí ẹ̀ lẹ fẹ́ lọ bá. Bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ yìí nìyẹn, ẹni tó lówó a ó máa wò ó níran, ẹni tọ́wọ́ wa tó la máa wá fàbọ̀ sí lórí. Èmi tẹ́ ẹ ń wò yìí, mo ti sọ̀rọ̀ rí nínú ilé kan, mo ní sóakawéè ti ń jò sí ìdí ilé, kí wọ́n tún un ṣe, nóòtìsì kúrò nílé ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Àwọn tí mo tìtorí wọn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bá mi bẹ lánlọ́ọ̀dù nínú wọn. Látìgbà náà, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́.

Ewatomi
@Segun_Bariga ìwọ ṣì wà nínú ilé nígbà tó o sọ̀rọ̀, o sì rí ohun tí wọ́n fojú ẹ rí, ó dùn mí fún ẹ. Ṣùgbọ́n bọ̀dá yìí ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀! Kí ni lánlọ́ọ̀dù tún fẹ́ fi ṣe é? Ọjọ́ yẹn gan-an tí wọ́n ń bá a gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀, ó ń gba abẹ́ bákónì yẹn kọjá lọ kọjá bọ̀, òun àtàwọn tó ń bá a ṣe é lóore. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó dákẹ́, mo lè bá a kẹ́dùn. Ẹni tí kò sí nǹkan tí wọ́n lè fi ṣe é mọ́ tó ṣì dákẹ́, ìyẹn ni kò yé mi.

Agba_Kole
Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ tí mo mọ̀, torí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Bákónì tó yọ síta tí kò ní òpó nísàlẹ̀, apá òkè kọnkéré ni irin ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, torí òkè yẹn ló ń fà bí ẹrù bá ti wà lórí ẹ̀. Áyànbẹ́ńdà, ẹni tó ń to irin, lè tò ó dáadáa o, àwọn tó ń da kọnkéré á wá máa tẹ orí irin kọjá pẹ̀lú agbada lórí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi wà nísàlẹ̀, bí kò bá sí ẹni tó ń mójú tó wọn, bẹ́ẹ̀ ló máa gan. Ẹ ò ní mọ̀. Wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, ọdún á máa gorí ọdún. Òjò á wá máa dúró lórí ẹ̀, omi á máa rìn wọ inú, irin á dípẹtà. Irin tó bá ti dípẹtà ń wú ni, á máa ti kọnkéré kúrò lára. Ẹ wá lọ gbé dúrọ́ọ̀mù omi méjì lé e, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbọ̀n.

Ibi téèyàn máa wò ni ibi tí bákónì ti so mọ́ ara ilé, lórí níbẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà tó sán gba ibẹ̀ já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ẹ kúrò níbẹ̀. Ìlà tín-ín-rín tó wà lójú pílásítà lásán, gbígbẹ pílásítà ló sábà máa ń fa ìyẹn. Irú bákónì báyìí kì í sábà rọra tẹ̀ kẹ́ ẹ rí i, ọjọ́ tó bá fẹ́ já ló ń já.

Torí náà bọ̀dá yẹn mọ̀, mi ò jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wádìí ni ta ló sọ ọ́ fún. Kò wọ́pọ̀ kí bíríkìlà rí irú ẹ̀ kó má kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó nilé, torí iṣẹ́ ni fún un.

Omo_IdiOro
Baba ẹ ṣeun. Àfi bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Àwọn méjì lọ bá a lánàá, wọn ò bá a jà. Ó ní òun sọ fún lánlọ́ọ̀dù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àkọ́kọ́, baba ní ó di ẹ̀yìn Iléyá. Nígbà tí Iléyá kọjá, ó ní irin ti wọ́n, kí bọ̀dá bá òun fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó sán, kó kùn ún lọ́dà. Bọ̀dá ní òun ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé.

Wọ́n bi í pé àwa ńkọ́? Ó ní àdúgbò yìí lòun ti ń rí iṣẹ́, bó bá lọ tàn kálẹ̀ pé òun ló ń lé àwọn tẹ́náǹtì kúrò nílé onílé, lánlọ́ọ̀dù wo ló máa tún pe òun? Ó ní òun ti sọ fún ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Ewatomi
Mo gbọ́ ti iṣẹ́. Ó ní nǹkan tó lè pàdánù nígbà náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n "ẹni tọ́rọ̀ kàn" kẹ̀? Ta lọ̀rọ̀ kàn tó ẹni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀?

Tunde_Yaba
Èyí rán mi létí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní 1 November 2021. Èèyàn tó lé ní 40 ló kú, ẹni tó ń kọ́ ilé náà fúnra ẹ̀ wà lára wọn. Lẹ́yìn tó wó tán ni lẹ́tà kan bọ́ síta, ti February 2020, tí ilé iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń bá wọn ṣe é fi yọwọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹni tó gbéṣẹ́ fún wọn pé ojú táwọn fi ń wo iṣẹ́ náà àti ojú tí òun fi ń wò ó ti yàtọ̀, pé àjà díẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ lójú àwọn nìkan làwọn lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Àjà díẹ̀ o, nínú ilé tó padà di 21. Ìjọba náà ti tì í pa nígbà kan, wọ́n tún ṣí i.

Lójú òfin iṣẹ́ wọn, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà yẹn tó. Wọ́n yọwọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò gbowó burúkú. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí wọ́n kọ lẹ́tà yẹn sí ìgbà tílé wó, ó ju ọdún kan ààbọ̀ lọ, lébúrà ń ru sìmẹ́ǹtì gòkè lójoojúmọ́, ta ló ka lẹ́tà fún wọn? Èmi ò sọ pé àwọn ẹnjiníà yẹn ló pa wọ́n. Mò ń sọ pé téèyàn bá sọ fún ẹni tó ń jèrè lórí ewu nìkan, kò tíì sọ fún ẹni tí ewu máa wó lù.

Iya_Ibeji_Surulere
Tunde o káre. Bíbélì kúkú sọ ọ́ ní Ìsíkíẹ́lì 33, olùṣọ́ tó rí idà tó ń bọ̀ tí kò fun fèrè, ọwọ́ ẹ̀ lỌlọ́run ti máa béèrè ẹ̀jẹ̀.

Alfa_Olorunsogo
Àwa náà ní i. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ní ẹni tó bá rí ohun burúkú kó fi ọwọ́ ẹ̀ yí i padà, bí kò bá lágbára ẹ̀ kó fi ahọ́n, bí kò bá lágbára ìyẹn náà kó kórira ẹ̀ lọ́kàn, èyí ló rẹlẹ̀ jù nínú ìgbàgbọ́. Ẹ wò ó bó ṣe tò ó, ìyá mi. Olùṣọ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn, wọ́n yàn án sípò ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Bíríkìlà yìí kò sẹ́ni tó yàn án. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò tó o lóòótọ́, torí kì í ṣe ilé ẹ̀. Ahọ́n ẹ̀ tó o. Ó lò ó fún lánlọ́ọ̀dù, kò lò ó fáwọn tó kù. Ààbọ̀ ló ṣe. Ààbọ̀ náà níye lórí lọ́dọ̀ Ọlọ́run ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni.

Segun_Bariga
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíríkìlà. Omo_IdiOro, má bínú o, ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yin ńkọ́? Ibi tó sán yẹn, ẹ̀yin ò ní ojú ni?

Omo_IdiOro
Ẹ̀gbọ́n, a rí i. Gbogbo èèyàn ló rí i. Àwọn ìyàwó ilé tiẹ̀ máa ń ti ìwé ràbá bọ̀ ọ́ kí omi má bàa máa kán sílẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí la ò mọ̀, ilé tó sán pọ̀ ní Mushin, bá a bá ní ká máa sá fún gbogbo ẹ̀ ibo la máa sùn? Òun mọ̀ ọ́n, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Eko_Ile_Ogbon
Kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn máa ń rí àwíjàre "a ò mọ̀" o. Ṣé ẹ rántí Ìta Fájì, 13 March 2019? Ilé alájà mẹ́ta, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè níbẹ̀, ó wó láàárọ̀ nígbà táwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Bí ogún èèyàn ló kú, ọ̀pọ̀ ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n ti sàmì sára ilé yẹn tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni! Àmì pupa kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíríkìlà, ẹni tí kò lọ sílé ìwé rí lÉkòó mọ ohun tó jẹ́. Tí ìjọba bá sàmì sílé tán tó lọ sinmi, tónílé fi ọ̀dà pa á rẹ́, tí ejẹ́ǹtì fi háyà, tí tíṣà kọ́wọ́ sí i, tí òbí mú ọmọ gòkè lọ... ẹ bá mi pín ẹ̀bi yẹn kí n rí i. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lọ́kàn mi, ẹni tó ní agbára láti wó o ni mo máa ń kọ́kọ́ bá, ìyẹn ìjọba, lẹ́yìn ẹ̀ ẹni tó ń gbowó níbẹ̀. Òbí tó san owó ilé ìwé, mi ò lè nawọ́ sí i láé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí ilé ìwé míì tí apá wọn ká.

Omo_Ajase
Ẹ kú ìjókòó o, láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òfin tá a bá lọ́wọ́ Faransé, àwọn èèyàn mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn wo ẹni tó wà nínú ewu kó máa lọ. Ní Faransé fúnra ẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló lè fà. Àwọn tó ń ya fọ́tò níbi tí Princess Diana ti ní ìjàǹbá mọ́tò ní Paris ní 1997, wọ́n fi òfin yẹn wádìí wọn, ìgbà tó di 1999 ni adájọ́ tú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò ní kó o kó sínú iná o. Bó bá máa fi ẹ̀mí ìwọ náà sínú ewu, kò pọn dandan. Ké pe èèyàn, tẹ fóònù, ó ti tó. Ohun tí wọ́n ń bá èèyàn jà fún ni pé ó rọrùn fún ẹ, o ò ṣe é.

Loya_Ijebu
Ní Nàìjíríà òfin gbogbogbòò irú ẹ̀ ò sí, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti mú tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ní kò dandan kó o gba àlejò là àyàfi tí nǹkan kan bá so yín pọ̀: òbí sí ọmọ, dókítà sí aláìsàn, ẹni tí nǹkan eléwu wà níkàáwọ́ ẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù bọ́ sí ti ìkẹyìn yẹn. Ẹ lè pè é lẹ́jọ́, kẹ́ ẹ sì pè é, kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ibẹ̀ kó tó rí wọn kó àwókù kúrò. Bíríkìlà, mi ò rí ẹjọ́ kankan tẹ́ ẹ lè bá a ṣe. Ó máa jẹ́ ẹlẹ́rìí yín gan-an ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lù ú, ṣé ẹ ti ronú kan ìyẹn?

Òfin tí mo mọ̀ tó jọ ti Àjàṣẹ́ ni ti ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, ti 2017. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i ràn án lọ́wọ́ dé ọsibítù, kí ọsibítù sì tọ́jú ẹ̀ yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ẹ lọ wo iye èèyàn tó mọ̀ pé òfin yẹn wà.

Segun_Bariga
Òfin wà, ọlọ́pàá ń kọ́? Ẹni tó bá gbé ẹni tó fara gbọta, òun gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Ìdí téèyàn fi ń wo èèyàn níran nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní ọkàn burúkú tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ni.

Ewatomi
Dókítà Adadevoh ńkọ́? July 2014, Patrick Sawyer láti Làìbéríà gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó, ó ní òun ò fara kan ẹni tó ní i. Wọ́n ń fúngun mọ́ ọsibítù tí dókítà yìí ti ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó lọ ṣe mítíìnì tó bá wá, wọ́n ń fi ẹjọ́ halẹ̀. Obìnrin yẹn ní kò ní jáde. Bó bá jáde ní ìlú bí Èkó... ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Àwọn tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà ò ju 20 lọ, èèyàn 8 ló kú, òun náà sì wà nínú wọn, 19 August. Ẹ̀rù ò bà á ni?

Segun_Bariga
Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n Ewatomi, ọ̀gá dókítà ni. Tó bá ní "kò ní jáde", ẹ̀kọ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ọsibítù ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Bí obìnrin tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ bá ní "kò ní jáde", ta ló máa gbọ́? Ẹ má fi akíkanjú ṣe òṣùwọ̀n fún mẹ̀kúnnù. Bíríkìlà ò ní ẹ̀yìn. Bó bá sọ fún yín gan-an, ṣé ẹ máa gbà á gbọ́? Ẹ máa ní ó ń bá lánlọ́ọ̀dù jà lórí owó iṣẹ́ ni.

Ewatomi
Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yẹn ì bá ti gbọ́, ì bá sì jẹ́ òun ló yàn láti gbà á gbọ́ tàbí kó má gbà á gbọ́. Wọn ò fún un láyè láti yàn rárá.

Agba_Kole
Omo_IdiOro, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Lánlọ́ọ̀dù yín yẹn, ṣé ilé kan ṣoṣo yẹn ló ní?

Omo_IdiOro
Rárá sà. Òmíràn wà ní Ìdí Àràbà. Bí wọ́n ṣe jọra wọn bí ìbejì, ẹnì kan náà ló kọ́ méjèèjì láyé ìgbà yẹn.

Agba_Kole
Ẹ̀n-ẹ́n. Bákónì ẹ̀ ní òpó?

Omo_IdiOro
Kò ní.

Tunde_Yaba
Ó dára. Gbogbo wa tá a ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀ ti wá mọ ohun tí bíríkìlà mọ̀ báyìí.

Segun_Bariga
Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n kúrò níbí kó tó pẹ́ jù 😂

Iya_Ibeji_Surulere
Kò sí ibi tó ń lọ, Ségun. Jókòó síbẹ̀.

Agba_Kole
Ẹ gbọ́ mi. Ẹ má lọ bá kiatéká kọ́kọ́. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gbé iwájú, lókè àti nísàlẹ̀. Kí wọ́n kó dúrọ́ọ̀mù omi àti ohunkóhun tó bá wúwo kúrò lórí bákónì, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn tó jáde síbẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ ọjà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi bámbù gbé e dúró fúnra ẹ̀, ẹ kọ̀ fún un, abẹ́ ẹ̀ ni yóò wà nígbà tó bá ń ṣe é. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí LASBCA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, pẹ̀lú fọ́tò, kẹ́ ẹ dárúkọ èyí tó ti já ní Mushin. Orúkọ èèyàn púpọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sínú ìwé náà, kó má jẹ́ ẹnì kan ni wọ́n máa fún ní nóòtìsì.

Segun_Bariga
Ti orúkọ púpọ̀ yẹn lọ́gbọ́n nínú. Bó bá rí báyẹn nígbà tèmi ni.

Omo_IdiOro
A ti dé láti Ìdí Àràbà o. Bọ̀dá bíríkìlà ní òun ò ní bá wa lọ, ṣùgbọ́n ó dúró sórí fóònù, ó ń júwe ibi tá a máa wò. Ó ti sán. Kò tó ti wa, ṣùgbọ́n ó ti gba ìdajì kọjá.

Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ gbé tábìlì búrẹ́dì ẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, kò bi wá ní nǹkan kan. Ìyá tòkè ló bá wa fa wàhálà, ó ní ta ló rán wa, ó ní ọdún méjì lòun san sílẹ̀, ṣé àwa la máa dá owó òun padà. Kiatéká dé, ó ní ká jáde kóun tó pe ọlọ́pàá. Kó tó lé wa jáde, ọmọkùnrin ìyá òkè yẹn ti ń da omi dúrọ́ọ̀mù nù díẹ̀díẹ̀, ìyá ẹ̀ ò rí i.

Mo ti pe 767, wọ́n gba àdírẹ́sì. Ìwé ni ká kọ báyìí. Ta ló máa bá wa kọ ọ́ lọ́nà tó máa dáa?

Loya_Ijebu
Èmi máa kọ ọ́. Fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sínú ínbọ́ọ̀sì mi, ti èyí tó já àti ti èyí tí kò tíì já. Kí bíríkìlà sọ ọjọ́ tó bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, bí kò bá tiẹ̀ rántí ọjọ́ gan-an, kó sọ bóyá ṣáájú Iléyá ni tàbí lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá lè fọwọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Tí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un.

Iya_Ibeji_Surulere
Ọmọ tó wà ní Igbobi ńkọ́, ta ló ń sanwó? Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn látàárọ̀.

Omo_IdiOro
Ìyá ẹ̀ ló ń san án, mà. Lánlọ́ọ̀dù fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n fi ra èso.